Olùkọ́ Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Ṣubú

Àtẹ́lẹwọ́ olùkọ́ júdò wa ní Ìgándò le bíi pákó. Ìjà tí màá fi gba ara mi lọ́wọ́ jàǹdùkú ni mo wá kọ́, àmọ́ oṣù kan gbáko, bí a ṣe ń ṣubú ló ń kọ́ wa. "Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kí orí kanlẹ̀." Ó sú mi, mo bá lọ kọ́ kàráté.

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan já báàgì mi gbà ní Ìyànà Ìpájà, ó sì tì mí ṣubú. N kò rántí kàráté kankan. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló lu títì, orí mi ò kanlẹ̀.

Mo padà lọ dúpẹ́. Olùkọ́ ní, "Èjìká wo lo fi balẹ̀?"

"Òsì ni, sà."

"Bọ́ bàtà ẹ. Ó ku ọ̀tún."