Oògùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Lè Dárúkọ

Òórùn ẹja yíyan ti Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà níbẹ̀, kò sí ọṣẹ tó ká a. Ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti mọ̀ ọ́n jù, torí ẹja yíyan niṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ pé èéfín ò dáa fún ọmọ rẹ̀, ó gbé ọmọ náà wá bá mi ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Bó bá ti ìdí ẹja dé lálẹ́, á kọ́kọ́ wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Abiyamọ tòótọ́ ni. Mo tètè ń sọ ìyẹn kó o má baà bú u bó o bá gbọ́ ìyókù.

Ọmọ ọdún méje lọmọbìnrin náà, ó lẹ́nu bí ìyá àgbà. Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbabẹ̀ ya wọ ẹ̀dọ̀fóró sì ti ń mú kí iṣan ibẹ̀ le. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀n lápá àgbàlagbà, inú ẹ̀dọ̀fóró lèyí wà. Dókítà tó máa fún un lóorun fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi dí ihò náà ló là á yé wa. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Màmá, ẹ máa fún un ní oògùn yìí lójoojúmọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ò bá wálẹ̀, tí mo fún un lóorun, ó lè má jí." Ẹ̀gbọ́n mi sì ń fún un. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró mí.

Nígbà tí oògùn tán, ẹ̀gbọ́n mi lọ ra òmíràn ní kẹ́míìsì kan l'Ónípanu. Àwọn ọkùnrin kan dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á wo páálí oògùn náà, ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ṣé ó ti ń rẹ bàbá ni?" Àṣé oògùn kan náà làwọn ọkùnrin ń lò kí wọ́n lè bá ìyàwó wọn sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ òun obìnrin ló wà fún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó dúró wá ní, "Ọmọbìnrin kẹ̀? Ẹ má ba ayé ọmọ yẹn jẹ́ o."

Ó délé, kò sọ fún ẹnì kankan. Ojú ń tì í. Báwo ló ṣe máa dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níwájú dókítà, ọkùnrin tí òun lè bí lọ́mọ? Ó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi rọ́pò rẹ̀, ó sì ń gbàdúrà sí i. Mo rí i tí ọmọ tún ń jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, mo rò pé ooru ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà bi í bóyá ọmọ ń lo oògùn. "Ó ń lò ó, dókítà." Ọmọ gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì: "Màmí, ẹ ti dá a dúró tipẹ́." Dókítà rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì dúró títí ẹ̀gbọ́n mi fi rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé àwọn ọkùnrin ń lò ó. Iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá ọmọ yín dẹ̀."

Wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ọmọ padà sórí oògùn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan yẹn ti le kọjá ààlà. Bí wọ́n bá dí ihò náà báyìí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà mọ́, ọkàn rẹ̀ á sì dáṣẹ́ dúró. Mo bi dókítà bóyá oògùn tá a dá dúró ló fà á. Ó ní òun ò lè sọ. Àìlèsọ yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló dákẹ́, tọmọ rẹ̀ ló bá a dákẹ́.

Ọmọ náà ti wọ ilé ìwé gíráámà. Ètè rẹ̀ máa ń dúdú, ó sì máa ń jókòó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré. Láìpẹ́ yìí mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí kẹ́míìsì Onípanu yẹn. Àwọn ọkùnrin tún dúró níbẹ̀. Ó dárúkọ oògùn náà ketekete, ó ní, "Ọmọ mi obìnrin ló ń lò ó. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló wà fún." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń tà á kàn dì í fún un.

Nígbà tá a jáde, ó di ọwọ́ mi mú. "O rí i," ó ní, "kò kúkú ṣòro láti sọ." Omi ti kún ojú rẹ̀.