Kóòṣì Tí A Ní Kó Jókòó

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè máa rò pé ẹnu gbogbo wa ló ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn tí èrò bá ti pọ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ẹnu tèmi ló ti jáde. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì òkè pátápátá, mo gbé páálí ṣípìsì lé itan, mo sì pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé ọkùnrin tó tó bí mi lọ́mọ lórí: "Jókòó!" Bí àwọn tó ń mú ajá rìn ní páàkì ṣe máa ń pàṣẹ fún ajá wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́.

Kóòṣì ni ọkùnrin náà. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ládùúgbò wa ní básíkẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi ọkùnrin sì wà nínú wọn. Èmi náà ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn rí, ṣùgbọ́n ìwé ò wọ̀ mí lórí, mo fi í sílẹ̀, mo lọ ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham, nílùú ọba níbí. Ìdájí ni mo máa ń wọ iṣẹ́, nítorí náà tó bá di ọ̀sán Ọjọ́rú tí wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù, mo ti ṣe tán. Mi ò ní lọ sílé lọ wẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a ni mo ń gbà lọ tààrà, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà ò tóbi. Bẹ́ǹṣì onípákó tí wọ́n ń fà jáde lára ògiri ni a máa ń jókòó lé. Àwa tí a máa ń wá, ẹni tó ti jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ẹni tí kò ríṣẹ́ ni. Àwọn kan nínú wa kò tíì gbé bọ́ọ̀lù yẹn lọ́wọ́ rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé àwa la dá eré náà sílẹ̀.

Kóòṣì, ọmọ Èkìtì ni. Kódà tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa gbọ́ Èkìtì nínú rẹ̀. "Ọmọ mi" ló ń pe gbogbo àwọn ọmọ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ Romania, ìbáà jẹ́ ọmọ Bangladesh. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń borí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí gbọ̀ngàn wọn dára ju tiwa lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ọmọ tó ga sọ́dọ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù, Ọlọ́run ò fún wọn ní gíga, ọkàn nìkan ni wọ́n ní. Wọ́n pàdánù, wọ́n tún pàdánù. Ohun tó wá ń bí wa nínú jù ni òfin kan tí Kóòṣì ní: ọmọ yòówù tó bá ti wá sí ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan pápá ní Ọjọ́rú. Bí eré ṣe wù kó le tó, á yọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá, á fi ẹni tí kò lè mú bọ́ọ̀lù dání rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tó àbúrò mi.

Gbogbo wa la mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń mì. Àbúrò mi ló gbé e wálé pé àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sọ fún Kóòṣì pé bí ẹgbẹ́ náà bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún yìí, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà. Inú àbúrò mi bàjẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Inú tèmi dùn.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, àwa àti àwọn àlejò tó wá bá wa díje ń lé ara wa bọ̀. Ó ku díẹ̀ kí eré parí ni Kóòṣì pe àbúrò mi jáde. Ó wá dúró sí etí pápá bó ṣe máa ń dúró. Ọkùnrin yẹn kì í jókòó. Ìdúró ló fi ń ṣiṣẹ́: á na ọwọ́ sókè, á ká ìka, á ju apá sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ náà ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa sá sí. Mo rí àbúrò mi tó fi tówẹ́ẹ̀lì bo orí, mo sì pariwo mọ́ Kóòṣì pé kó jókòó.

Àwọn Yorùbá tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tí a jọ máa ń jókòó, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Albania, bi mí pé kí ni mo sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́nu. Ó rọrùn. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí, gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń fi ẹsẹ̀ gbá pákó, "Jókòó! Jókòó!" Kóòṣì yíjú padà. Ojú rẹ̀ ń wá ẹni náà káàkiri títí ó fi bá mi. Ó mọ̀ mí dáadáa, torí ìjọ Aládùúrà kan náà ni òun àti ìyá mi ń lọ, òun ló sì bá wa gbé fíríìjì wọlé nígbà tí a kó láti Peckham wá sí Whalebone. Ó kọjú sí pápá padà.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Tó bá ti dúró sí etí pápá báyìí, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fi tiwọn kún un. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé tíì fún bàbá. Èmi ní kó kúkú lọ máa kọ́ wọn ní lúdò, ìyẹn, ìjókòó ni wọ́n fi ń ta á. Gbogbo ibẹ̀ gba ẹ̀rín, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ní ibi iṣẹ́ mi, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀wù mi ni wọ́n fi ń pè mí. Níbí, tí mo bá wọlé, wọ́n á sún kí n ráyè.

Nígbà tó yá, Ọjọ́rú kan dé tí Kóòṣì wọlé, tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, tó jókòó, tí kò sì dìde mọ́. A hó bí ẹni tó gba ife. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Àwọn ọmọ á sáré, wọ́n á yíjú sí i, wọn ò rí ọwọ́ kankan lókè. Àwọn àlejò nà wọ́n ní ìnà tí mi ò tíì rí irú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ń gbé ìrẹsì sínú máíkíròwéèfù nígbà tí mo wọ ilé ìdáná. Kò wojú mi.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

Mo ní ṣé kì í ṣe torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo ni.

"Torí tèmi kẹ̀? Èmi ni mi ò lọ sí ìdánrawò lọ́sẹ̀ tí wọ́n pè mí jáde yẹn. Kóòṣì ti sọ fún mi ṣáájú pé mi ò ní gbá a parí, mo sì ní fáìn, mo gbà. Ní báyìí tí ẹ ti ní kí wọ́n jókòó, a ò mọ ibi tí a máa wò mọ́."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ wọ yàrá.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní ọmọ òun wà nínú gbọ̀ngàn náà, ó sì dá ohùn mi mọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, ṣùgbọ́n ìyá mi ò pariwo. Arúgbó ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ó ti kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kódà tí wọ́n bá bú u. Ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n má ṣètò nǹkan kan sí ọjọ́ Sátidé, òun máa bẹ Bàbá Ìjọ kí wọ́n tẹ̀ lé wa lọ bẹ Kóòṣì.

Ara tù mí. Mi ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí a ṣẹ̀ lè bínú sí mi títí ayé, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àgbà padà lẹ́nu ọ̀nà? Tí àgbà bá ti ní òun bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo mọ̀ pé kò ní lè kọ̀. Abẹ́ irun funfun Bàbá Ìjọ ni mo fẹ́ sá pamọ́ sí.

Ìhà Eastbury ni Kóòṣì ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orúnkún ń dun Bàbá Ìjọ, wọ́n ń sinmi lórí àtẹ̀gùn ká tó débẹ̀. Ìyàwó Kóòṣì gbé mọ́ọ̀tì síwájú wa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì. Ìyá mi sọ̀rọ̀, Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọdé ni mí, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n ní kí Kóòṣì má wo tèmi, kó wo tiwọn. Ọmọdé, èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Kóòṣì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

"Bàbá, àwọn tó gbọ́ èébú yẹn ò sí níbí."

Bàbá Ìjọ ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn rèé tí àwọn wá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gbé àwọn dáadáa mọ́. Kóòṣì mí kanlẹ̀.

"Ó ti tán. Nítorí yín ni, Bàbá."

Ó ní kí n dìde. Wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín. Àmín yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nínú ilé yẹn lẹ́yìn tí mo kí wọn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi di Bàbá Ìjọ lápá mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi ń ṣe bí ẹni tí ohun tí Kóòṣì sọ kò yé. Ó yé mi. Ìta gbangba ni mo ti tàbùkù rẹ̀, inú pálọ̀ ni mo ti wá ń tọrọ àforíjì.

Eré tó kẹ́yìn ló máa sọ bí yóò ṣe rí fún un. Tí wọ́n bá borí, wọn ò ní ṣe ìkẹyìn. Àbúrò mi gbà kí n wá, tí mo bá ti lè pa ẹnu mọ́. Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́múdẹ́mú. Kóòṣì wọlé, ó gbé báàgì sílẹ̀, kò sì jókòó. Ó wo òkè lọ́dọ̀ wa, mo rò pé èmi ló ń wò. Bóyá lójú tirẹ̀, bí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá ti dákẹ́, ó tán nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ rí. Kò pẹ́ tí ariwo "Jókòó!" fi gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa. Mo di ọmọ Albania yẹn lápá mú, mo ní ó tó, jọ̀ọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo kọ́ wa, bro."

Nígbà tó ṣe, rẹfirí dá bọ́ọ̀lù dúró kí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì lè mu omi. Àyè wà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe bí mo ṣe mọ orúkọ mi: kí n sọ̀ kalẹ̀ gba àárín wọn, kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà, kí n kọjú sí wọn, kí n sọ pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ èébú yìí, mo ṣì í ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Mo tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ pákó bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mo wá rò ó pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò ní sí ẹni tó máa sún fún mi mọ́. Rẹfirí fọn fèrè. Mi ò dìde.

Kóòṣì dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn rìn, ó jókòó. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ àbúrò mi nígbà tí eré ń parí lọ. Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ Kóòṣì bó ṣe máa ń yíjú, kò rí ọwọ́, ó ṣiyèméjì, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn wọ àwọ̀n ni, àwa la ì bá borí. Mi ò lè búra pé bí Kóòṣì bá wà lórí ìdúró, ì bá wọlé. Mo kàn mọ ibi tí ọmọ náà wò.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, kì í fi ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gbá wọlé rárá. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ò wá mọ́. Wọ́n ṣì ń pàdánù. Àbúrò mi ti parí níbẹ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, a jọ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n tí básíkẹ́ẹ̀tì bá ti dé orí tẹlifíṣọ̀n, á dìde lọ sí yàrá.

Mo pàdé Kóòṣì ní Chadwell Heath lẹ́yìn náà, ní High Road, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, èrò ò jẹ́ kí n dé ilẹ̀. Ó béèrè ìyá mi, ó béèrè iṣẹ́. Ó ní ẹ̀wù tí mo wọ̀ fúyẹ́ jù fún òtútù yìí. Mo lanu, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó sì rí i lójú mi.

"Bàbá Ìjọ ti parí ọ̀rọ̀ yẹn," ó ní. "Mi ò lè tún un gbé dìde. Kí màmá fún mi."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ọ̀nà ibùdó tíréènì lọ.

Ó ti tán lọ́dọ̀ tirẹ̀, bó ti sọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa san gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ wà lórí bẹ́ǹṣì ṣì ń lọ ní Ọjọ́rú, a sì ń pàdé nínú bọ́ọ̀sì. Títí dòní wọ́n gbà pé ọkùnrin náà ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, torí kò sí ẹni tó sọ fún wọn ìdí tó fi yọ àbúrò mi lọ́jọ́ náà, tàbí ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ kí a tó ní kó jókòó. Nínú wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn díẹ̀ ni mo jẹ ẹ́, létí wọn. Kò béèrè rẹ̀, kò sì ní béèrè rẹ̀. Mi ò tíì san án.