Àwọn Ẹrú Inú Sinimá Tí Kò Lóhùn

Àwọn erin ti wọ ẹnubodè ìlú. Odi ń wó, eruku bo àwọn ọmọ ogun tó dé àṣíborí onírun ẹṣin, síbẹ̀ a kò gbọ́ igbe ẹnì kankan. Ẹ̀rọ nìkan ló ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bíi máṣíìnì ìránṣọ, àti ohùn bàbá tó ń fi ọwọ́ yí i. "Ọba ti sá," ni bàbá wí. "Ó fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá." Àwa tí a jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ rẹ̀ ń na ọrùn wòran.

Òkè Fìà, l'Óṣogbo, ni ilé bàbá yìí wà, ògiri kan ló là wá láàárín. Ó ti ṣiṣẹ́ reluwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ń kó ẹrù padà sílùú wọn, ó fún un ní ẹ̀rọ sinimá àti fíìmù kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ṣe kí sinimá tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìtàn ìlú ńlá kan láyé ijọ́un ni, tí ogun kó. Bí bàbá bá ti kírun ọ̀sán tán lọ́jọ́ Àìkú, á ti fèrèsé pa, á fi aṣọ funfun kọ́ ara ògiri, á ní kí ẹni tó bá fẹ́ wòran wọlé. Inú pálọ̀ á gbóná. Òórùn káńfọ̀ á máa ti ara aṣọ jáde, òórùn eruku tó ń jóná lórí gílóòbù á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín àwòrán, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á yọ. Bàbá á kà á sínú, á sọ ọ́ ní Yorùbá. Ohùn ọba nípọn lẹ́nu rẹ̀, ti olorì tín-ín-rín, kò sì ní rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà mi kì í bá wa lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń wà, tí á máa ran òwú. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ló lé e wọlé bàbá, tòun ti òwú lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ fi àwọn ọkùnrin inú sinimá ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn jagunjagun wo ló ń lé tìróò báyìí. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn ẹrú jáde, obìnrin àti ọmọdé, ṣẹ́ẹ̀nì lọ́rùn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn. Ọwọ́ Ìyá dúró lórí òwú.

"Níbo ni wọ́n ń kó wọn lọ?"

"Ìlú àwọn tó ṣẹ́gun, Ìyá."

"Ṣé wọ́n padà délé?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí tó fi béèrè. Ọmọdé ni ìyá tó bí i nígbà tí ogun kó o ní Ẹ̀sà-Òkè. Wọ́n tà á káàkiri kó tó já sí Òṣogbo, níbi tó ti lọ́kọ, tó bímọ, tó sì kú sí. Títí tó fi kú, ulé ló ń pe ilé, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń pè é. Ó sọ orúkọ agbo ilé wọn fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá kò lọ síbẹ̀ rí. "Ta ni mo fẹ́ ní mo ń wá?" ló máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ yọ lára aṣọ. Mo ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ nílé ìwé, mo sì kà á: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún fojú kan ilé mọ́. Bàbá wo ọ̀rọ̀ náà, ó nu òógùn ojú.

"Wọ́n padà délé," ló wí. "Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n padà. Àwọn tí ikú kò jẹ́ kí wọ́n dé, ọmọ wọn dé."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, mo sún mọ́ ọn. "Bàbá, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀," ló wí, ó ń ká fíìmù. "Ìwọ ńkọ́, kí lò bá sọ fún un?"

Mo bá a tú aṣọ funfun kúrò lára ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá yọ aṣọ òkè rẹ̀ nínú àpótí, ó ní Ẹ̀sà-Òkè lòun ń lọ. Ìyá tó bí mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má lọ, kò gbà. Bí bàbá ti gbọ́, ó wá sílé wa, ó jókòó.

"Ìyá, sinimá lásán ni o."

"Mo mọ̀ pé sinimá ni."

"Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ yín níbẹ̀."

"Màá rí ilẹ̀ ibẹ̀."

Bàbá dìde, ó gbé fìlà dé. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jọ ń lọ ni."

Wọ́n mú mi dání. A gba Iléṣà kọjá, a dé Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n sì júwe agbo ilé náà fún wa. Ilé àtijọ́ ti wó. Tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá arúgbó kan ń sá kòkó síwájú rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ kí i, ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Arúgbó náà ronú títí, ó mi orí. Kò mọ orúkọ yẹn. Tẹ̀sùbáà tí bàbá ń kà dúró lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì rí i kí ojú rẹ̀ fàro tó bẹ́ẹ̀ rí.

Arúgbó náà da kòkó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n kó ọmọ púpọ̀ níbí," ló wí. "A ò rántí orúkọ gbogbo wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti dé. Ẹ wọ ulé."

Ìgbà tí Ìyá gbọ́ ulé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ òkè, ó sunkún. Arúgbó náà jókòó tì í. A kò kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń padà, bàbá ń wú ikọ́ bí ẹni tó lọ́rọ̀ sọ. Ìyá ló ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ má da ara yín láàmú. Mo rí ojú àwọn èèyàn yẹn lára aṣọ. Ẹni tó máa padà kì í bojú wẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi ni."

Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́. Orí fóònù ni mo ti ń wo irú sinimá bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n ti fi orin sí i. Kò tíì yé mi bóyá ó yẹ kí bàbá pa irọ́ yẹn. Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ pé ọ̀nà wà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn àti nílé ọ̀fọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á máa lọ. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dé ètè mi, mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá mo ṣe tán láti bá onítọ̀hún rìn ọ̀nà náà. Nígbà mìíràn mi ò ṣe tán, mo sì máa ń dákẹ́.