Ìtọ́wò Kì Í Ṣe Jíjẹ

Ó ti orí ìka kékeré bọ inú abọ́ ìpara kéèkì, ó fi kan ahọ́n, ó pajú dé díẹ̀.

“Ó ku díẹ̀ kó dùn,” ó ní.

Ọ̀gá obìnrin tó ni ilé kéèkì bu ṣúgà sí i, kò bi í léèrè ìdí. Ahọ́n Wúrà ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́ ọ wò náà níbẹ̀. Ohun tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé àtọ̀gbẹ inú oyún ló ń ṣe é, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó dín ìrẹsì kù, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló kù tó ń jẹ. Síbẹ̀, bó bá gún ìka wo ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ṣúgà á ti gòkè. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un: “Ọmọ inú yín ń tóbi jù. Bí ṣúgà yìí ò bá wálẹ̀ títí dọ̀la, abẹ́rẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀.” Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ọmọ tó tóbi jù, ọ̀nà àtiwáyé rẹ̀ a máa le.

Ó jókòó, ó dìde, ó nu tábìlì tí wọ́n ti nù.

“Ìyàwó wa, jókòó jàre. Ò ń já mi láyà.” Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

“Eyínfúnjowó, ẹ bá mi rò ó. Mi ò jẹ nǹkan dídùn kankan. Àbí ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ṣúgà yìí ń purọ́ mọ́ mi ni?”

“Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ?” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ ọn. “Èyí tí o ń lá láti àárọ̀ ńkọ́?”

“Èwo? Ìtọ́wò nìyẹn. Iṣẹ́ ni. Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ.”

“Ṣé o ti sọ fún ọmọ inú ẹ? Kó yáa mọ̀ pé ibi iṣẹ́ lẹ wà.”

Ahọ́n Wúrà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó wo àwọn abọ́ tó tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì. Kò sí èyí tí kò tọ́ wò.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú ṣíbí. “Gbà, tètè. Àwọn onígbèéyàwó ti ń bọ̀ wá gbé kéèkì wọn.”

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí Eyínfúnjowó bá wa tọ́ ọ wò.”

“Èyí tí kò mọ ìyàtọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà?”

“Mi ò ní lè tọ́ nǹkan kan wò mọ́, mà, títí n ó fi bímọ.”

“Kí ni kí n wá máa fi ahọ́n ẹ ṣe?”

Ọ̀gá kò gbé ṣíbí kúrò níwájú rẹ̀. Ìpara funfun inú rẹ̀ ń kán sórí tábìlì. Ahọ́n Wúrà gbé itọ́ mì. Ó tú aṣọ iṣẹ́ lára, ó fi í kọ́ ìṣó.

“Mo fẹ́ lọ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, mà, kí ṣúgà yìí lè wálẹ̀.”

Ó bọ́ sí títì. Ọ̀gá pè é láti ẹnu ọ̀nà, ó tún pè é. Ahọ́n Wúrà ti kọjá ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ó fi ọwọ́ gbé ikùn láti abẹ́, ó ń yára lọ.