Èédú Ọmọ Mi àti Kànga Mi

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró, ẹnì kankan kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè láti Òwu títí dé Odeda, ta ló ń gbẹ́ kànga tí omi rẹ̀ kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Èmi ni. Ti ilé mi ló sì dára jù nínú wọn. Mo gbẹ́ ẹ nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó mi, nítorí aláró ni, aláró kò sì lè máa pọn omi kiri àdúgbò.

Ọmọbìnrin wa àgbà wà ní yunifásítì. Ọpọlọ mi ló jogún, ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó wálé lópin ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ègé rọ́bà pẹlẹbẹ méjìlá tó ti fi nǹkan dúdú kùn lórí. Ó ní èédú ni, àmọ́ èédú tí wọ́n sọ di ọ̀pá oníhò tó tín-ín-rín débi pé ojú kò lè rí i. Bí òjé, irin olóró inú bátìrì, bá wà nínú omi, á lẹ̀ mọ́ èédú yẹn. Tí iná díẹ̀ bá wá gba ibẹ̀ kọjá, fóònù tó so mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan á fa ìlà tó yọ gegele bí òkè. Omi kànga wa tí à ń mu ló fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí àwọn rìwáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó ń da omi bátìrì ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri wa.

“Kànga tèmi?” ni mo wí. “Bóo bá rí òjé níbẹ̀, gbé e wá kí n jẹ ẹ́.”

“Bàámi, bó bá wà níbẹ̀, ẹ ti ń jẹ ẹ́.”

Ó sá àwọn ègé náà kí wọ́n gbẹ dáadáa, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi ń kọjá, ó fọwọ́ kan ọ̀kan, dúdú lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ àwọn aláró, ohun tó bá ṣì ń ṣí kò tíì parí, wọn kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ oníbàárà. Ló bá ń fi omi ṣàn wọ́n títí omi fi mọ́ gaara. Èmi ni mo tiẹ̀ bá a fa omi.

Nígbà tí ọmọ dé, ìyá rẹ̀ kó rọ́bà funfun báláú lé e lọ́wọ́. “Aró tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ yẹn ò dì o. Mo ti bá ẹ ṣàn án.”

Ọmọ náà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ padà, kò sì mú èédú mìíràn wá. “Ẹ ṣé, Màámi,” ló wí. Ọmọ tí mo bí nìyẹn.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, èyí tó ti kì bọ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tì í bọ omi inú ọ̀rá, ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tì í bọ omi kànga mi, ìlà yọ gegele. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún yọ. Mo ní fóònù rẹ̀ ti gbó.

Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. “Ta ló gbẹ́ kànga?”

“Èmi ni.”

“Ta ló da omi bátìrì?”

“Àwọn rìwáyà.”

“Kí ló wá ń dùn yín?”

Ọmọ náà bu omi lọ síléèwé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì kan náà ló dé. Mo fọwọ́ ara mi fi pákó dé ẹnu kànga náà, mo kàn án níṣòó, kò sí ẹni tó lè dé kànga bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a pàdánù: ègé rọ́bà mọ́kànlá, kànga kan.