Purojẹ́tọ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn ike tó gbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Nígbà náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò Abraham Adésànyà ni. Ẹrù wa kò pọ̀, nítorí iná wáyà ti jó ilé tí a háyà ní Awoyaya, ojú fèrèsé ni wọ́n sì ti fa èmi yọ. Ara mi jinná, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni imú mi kò ti sùn mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Èmi kò sá fún ekòló nìkan, mo ń sá fún bẹ́líìtì ọkọ mi tó bá nà sílẹ̀ pàápàá.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, ẹja títà ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àbúrò yìí ti lọ sí Kánádà, kò sì tíì rí ìwé tí yóò fi wálé kó tún padà. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, Eyínafẹ́ ni mo ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun. Ojú Ìyá ti ń ṣú nígbà yẹn, wọn kò lè rí ọmọ wọn nínú fóònù mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e mọ́ imú. Ìdí nìyí tí ọkọ mi fi ra purojẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń da àwòrán sára ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a ó fa kọ́tìnì dé, a ó so ẹ̀rọ mọ́ fóònù, ojú Eyínafẹ́ yóò sì tóbi bí ilẹ̀kùn. Ìyá a máa fọwọ́ pa ògiri náà lẹ́rẹ̀kẹ́.

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, mo sì ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá ti ń dágbére báyìí, mo ti fa wáyà yọ lára ògiri, mo ti fi aṣọ tí Ìyá fi òwú hun bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ọkọ mi a ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ panu dé ná."

Wáráńtì rẹ̀, ìlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Fáànù inú rẹ̀ ń húkọ́. Lẹ́yìn náà ni àbàwọ́n dúdú kan yọ lójú àwòrán, kò sì rí ibòmíràn bà sí ju eyín Eyínafẹ́ lọ.

"Ta ló yọ ọmọ mi léyín?" Ìyá bèèrè.

"Màámi, ẹ̀rọ ni," ọmọ náà dáhùn láti ara ògiri.

"Ẹ̀rọ wo ló ń yọ eyín? Àbí ọkọ rẹ ló lù ẹ́? Má parọ́ fún mi o!"

A rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á ní Lẹ́kkí Phase 1. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní, "Àǹtí, wáráńtì yín ti kú." Mo ní ṣé wọn ò lè bá wa jí i dìde ni. Ó ní, "Jésù ló ń jí òkú, mà. Ẹ ra tuntun." Atúnṣe kan ní Ajah tú u, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó ní ooru ti jó nǹkan kan níbẹ̀, òun kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, òórùn ike náà gba inú ilé. Mo fa wáyà yọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmọ. Ìyá dúró, ọwọ́ wọn lára ògiri òfìfo. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí ẹ̀rọ yìí jáde nílé tàbí kí n jáde. Ìyá gbọ́.

"Ìyàwó, mo mọ ohun tí iná fi ojú rẹ rí," ni wọ́n wí. "Gbé e jù nù. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Èmi ò sunkún, n ò sì ríran."

N kò lè jù ú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, a tún tàn án. Bí wọ́n ṣe dágbére tán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, mo sì lọ dá a lóhùn kí n tó fa wáyà. Nígbà tí mo padà, ọkọ mi ti fi bọ́tìnnì pa á, ògiri ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n fáànù ẹ̀rọ náà ṣì ń fẹ́, ó ń tu ooru síta. Ó rọra rẹlẹ̀, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí òórùn kankan. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mímí ni ẹ̀rọ náà fẹ́ máa mí láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mò ń fi ìkánjú dí i nímú, tí mo sì tún ń da aṣọ bò ó. Ìbẹ̀rù iná tó wà lára mi ló ń dáná sínú rẹ̀.

Mímọ̀ kò wò ó sàn. Àbàwọ́n náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyá ti gbà pé obì ni ọmọ wọn ń jẹ jù. Ọdún ti gorí ọdún, Eyínafẹ́ kò tíì rí ìwé, kò sì sí ìsinmi fún èmi náà. Bí wọ́n bá ti dágbére, tí ọkọ mi sì mú Ìyá wọlé, èmi á jókòó ti ibi tí wáyà ti wọ ògiri. Á máa ṣe mí bíi kí n fà á yọ, ó sì ti rẹ̀ mí. Títí fáànù yóò fi dákẹ́, ọwọ́ ara mi ni mò ń ṣọ́.