Ìtẹ̀ka Tó Wà Lára Gíláàsì Lúfà

Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín mọ́ gíláàsì tó mọ́, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Òógùn àti ọ̀rá ara yín ni ẹ ó rí níbẹ̀, tó ya ìlà wẹ́wẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa ìtẹ̀ka. Oríṣi mẹ́ta ni ìlà orí ìka: òmíràn ká bí ìkarahun ìgbín, òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó sì ṣẹ́rí padà sí ẹ̀gbẹ́ náà, òmíràn yọ gọngọ láàárín bí òkè kékeré. Ìtẹ̀ka ìbejì pàápàá kì í bára mu délẹ̀.

Àwọn ará ilé wa ní Cow Lane máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí yẹ̀yẹ́, títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n jí ẹ̀rọ ìránṣọ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi. Ẹ̀rọ yẹn ni ó fi ń tún aṣọ òkìrìkà ṣe kó tó kó o lọ tà ní ọjà Kantamanto.

A ti mọ́sálásí dé, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣì wà ní títì, ṣùgbọ́n olè ti yọ gíláàsì lúfà kúrò lójú fèrèsé, ó sì rọra fi wọ́n ti ògiri.

Àǹtí mi ké, ó ní, "Kayayó yẹn ni! Òun nìkan ló wà nílé!"

Obìnrin aláàárù tó máa ń ru ẹrù rẹ̀ láti ọjà ni ó ń bá wí. Ará àríwá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń sùn. Obìnrin náà ń fi Hausa búra pé oorun ni òun sùn, òun kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kó ẹrù ẹ!" ni àǹtí mi wí. "Ilẹ̀ ò ní ṣú bá ẹ níbí."

Bí wọ́n ṣe ń pariwo, Ìyá Ilé, àgbà obìnrin ilé wa, gbé omi ọṣẹ dé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń yọ lúfà gbogbo ilé, tí wọ́n á fọ̀ wọ́n kí Jímọ̀ lè bá ilé ní mímọ́.

"Ọwọ́ olè ò ní sun ara fèrèsé mi," ni wọ́n wí.

Mo sáré dí wọn lọ́nà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́!"

"Ta ló fi ẹ́ jẹ ọlọ́pàá? Ṣé kí n fi ìdọ̀tí olè ṣe ọ̀ṣọ́ ni?"

"Àná lẹ fọ̀ ọ́, Ìyá. Ohunkóhun tó bá wà lára ẹ̀ báyìí, láti àná ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbé korobá sílẹ̀.

Ọlọ́pàá obìnrin tí a ránṣẹ́ pè kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bọ ìyẹ̀fun dúdú, ó ń fi í ra gíláàsì bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó lẹ téèpù mọ́ ọn, ó ká a kúrò, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun. Etí gíláàsì tó máa ń wọ inú irin ni ìtẹ̀ka náà wà. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ń débẹ̀ àfi ẹni tó yọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, nítorí pé bí a kò bá rí ìtẹ̀ka ẹnìkan níbì kan, ìyẹn nìkan kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. A ní láti mọ ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀.

Ó gba ìtẹ̀ka Ìyá Ilé, ti àǹtí mi, àti ti obìnrin aláàárù náà. Ó fi awò wò wọ́n pẹ́. Àtàǹpàkò ara gíláàsì ká bí ìgbín, àpá ọgbẹ́ sì là á kọjá. Ti Ìyá Ilé kò ní àpá. Ti àǹtí mi yọ bí òkè. Ti obìnrin náà ń ṣẹ́rí padà.

Ọlọ́pàá náà fi èdè Twi sọ pé, "Ọwọ́ obìnrin yìí kọ́."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n bá ìtẹ̀ka náà nínú èyí tí wọ́n ti gbà pamọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti mú rí: ti ọkùnrin tó wá kun ẹ̀rọ náà lóróró lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti gbé òun àti ẹ̀rọ náà.

Àǹtí mi kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà. Obìnrin náà gbà, kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ló ń sọ ẹrù àǹtí mi sí. Kì í wọ yàrá mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ilé gbé omi ọṣẹ jáde, wọ́n pè mí: "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé mo lè fọ fèrèsé mi báyìí?"

Ẹ̀rín obìnrin aláàárù náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́.